Èémí Tí Mo Gbà Padà Lọ́wọ́ Èéfín

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè,
Ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn tí mo yan gàrí tán.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí,

O kú iṣẹ́ o, ọ̀gá pátápátá nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó tún ní kí n sọ fún ọ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí ní Ìjerò, òun kì í rìn lọ sóko mọ́, òun ń yan ni. Má dá a lóhùn. Èmi náà ń yan, àmọ́ èmi kì í sọ ọ́ síta.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́rú, nǹkan méjì ni mo gbọ́. Èyí àkọ́kọ́ ni ohun tí o fẹnu ara rẹ sọ. O ní eruku òkúta funfun yẹn pọ̀ níbi iṣẹ́ yín, pé mílíìkì alágolo ni wọ́n ń pín fún yín lọ́jọọjọ́ Ẹtì kó lè fọ àyà yín, àti pé kí n bá ọ wá àwọn hóró oògùn tí mo máa ń tà nígbà kan rí, ti inú ìgò aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ní ó wà fún ẹ̀dọ̀fóró, kí ìwọ àti àwọn méjìlá tó wà lábẹ́ rẹ lè máa lò ó. Èkejì ni ohun tí o kò sọ. O wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kí o tó kí mi tán. Mo bi ọ́ pé kí ló dé, o rẹ́rìn-ín, o ní, “Màámi, ukọ́ uṣẹ́ ni.”

Ikọ́ iṣẹ́! Bọ́lá, ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà inú bí mi. Lẹ́yìn náà mo wá bíírò.

Mi ò ní fi hóró oògùn kankan ránṣẹ́. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí o má baà máa ṣí ìwé yìí lọ sẹ́yìn láti wá a. Ìtàn ara mi ni mo fi ránṣẹ́ dípò rẹ̀, títí kan ibi tó ń tì mí lójú, àti ìmọ̀ràn tí mo rí mú jáde níbẹ̀. Pa rédíò, kí o jókòó dáadáa.

Ṣé o rántí ilé ìyan-gàrí wa àtijọ́, èyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì? Fèrèsé mẹ́ta ló ní, àwa obìnrin la sì fọwọ́ ara wa fi àpò ìrẹsì dí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí méjì la ní. Afẹ́fẹ́ orí òkè tiwa níbí kì í ṣeré. Bó bá wọlé, á gbọn eérú sínú gàrí. Ìdí kejì ló wá burú jù: a gbà pé gàrí tí èéfín kò bá kàn kò tíì gbẹ. Àwọn tó ń wá rà á láti Iléṣà á bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á gbé e sí imú. Bí wọn kò bá gbóòórùn èéfín, wọ́n á ní ó ṣì tutù, wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ni a bá ti èéfín mọ́ ara wa, a tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi gan-an ni mo burú jù nínú wọn. Bí ìyàwó tuntun kan bá sáré jáde láti mí, èmi ni mo máa kọ́kọ́ pariwo, “Ẹ wo ìyàwó òyìnbó! Ẹ bá a gbé fáànù wá!” Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin náà á sì padà wọlé pẹ̀lú omi lójú. Ẹni tó bá wúkọ́ jù la rò pé ó ṣiṣẹ́ jù. Ní ìrọ̀lẹ́, n óò gbé ṣíbí epo pupa kan mì kó lè wọ́ èéfín kúrò láyà mi, bí ẹ̀yin náà ṣe ń fi mílíìkì fọ òkúta. Ọmọ mi, ikùn ni epo ń lọ. Ikùn náà ni mílíìkì ń lọ. Èéfín àti eruku ti gba ọ̀nà ibòmíràn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, wọn kì í pàdé níbì kankan. Mu mílíìkì rẹ, ó dùn, ó ń fún egungun lókun. Àmọ́ má ṣe rò pé ó fọ nǹkan kan.

Nítorí náà, èkíní: má ṣe fi ikọ́ yangàn. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ikọ́ iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ń mú ọ wúkọ́, iṣẹ́ náà ló ní àléébù, kì í ṣe ìwọ ló le. Lọ sílé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ yìí, má dúró dìgbà tí o bá ráyè. Sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta lo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí bí o kò bá sọ ọ́, oògùn ikọ́ olómi ni wọ́n á kó fún ọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìgò aláwọ̀ ewé. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ń pè é ní sọ́púlímẹ́ntì, oògùn afúnralókun ni àwa ń pè é. Obìnrin kan ló gbé e dé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ìsìn, ó múra, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ní àwọn hóró yìí máa ń fọ ẹ̀dọ̀fóró bí a ṣe ń fọ aṣọ, pé ẹni tó bá ń lò ó lè jókòó sínú èéfín láti àárọ̀ dalẹ́ kí ara rẹ̀ má mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Mo ra tèmi. Ara mi yá fún ọ̀sẹ̀ méjì, bóyá nítorí pé mo fẹ́ kó yá ni. Kí oṣù náà tó parí, èmi náà ti di ẹni tó ń tà á, mo ń gbé báàgì kiri, mo ń fọ Gẹ̀ẹ́sì tí mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ibi tó ń tì mí lójú nìyí. O mọ Ìyá Tóyìn, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí agbada rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ìyá náà ti ń wúkọ́ tipẹ́. Lọ́jọ́ kan ó wọ aṣọ rere wá dágbére, ó ní òun ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Aràmọkọ. Èmi, ìyá rẹ, mo di etí aṣọ rẹ̀ mú. Mo ní, “Ẹ̀yin náà kẹ̀! Kí lẹ ń lọ ni ara yín lára sí? Ẹ gba ìgò yìí.” Ó gbà á. Ó fọkàn tán mi, ó padà sídìí iná. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e sí, àárín ẹni méjì tó ń dì í mú kó má baà ṣubú. Ó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Kò kú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ti dárí jì mí. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́, ohun tó sọ ni pé, “Ìyá Bọ́lá, kì í ṣe pé ẹ purọ́ fún mi. Ẹ̀yin náà gbà á gbọ́.” Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ. Bí mo bá bá ọ wá ìgò yẹn fún àwọn méjìlá rẹ, ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni kí n wá ṣe é?

Èmi náà kò pẹ́ kí n tó gba tèmi. Ọjọ́ Ìkórè ni, o ṣì wà ní poli. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé èmi ni mo máa ń kọ Àmín tó parí orin ẹgbẹ́ obìnrin wa, èyí tí àwọn yòókù á ti sinmi tí ohùn mi nìkan á sì máa lọ. Bàbá rẹ máa ń fi ìka ka bó ṣe gùn tó níbi tó bá jókòó sí. Mo fa èémí, mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn mi já bí okùn garawa nínú kànga. Bàbá rẹ kò kà ju mẹ́ta lọ. Atẹdùùrù ń tẹ̀ ẹ́ nìṣó, ojú gbogbo ènìyàn wà lára mi, èmi sì ń wúkọ́ sínú ìwé orin. Nígbà tí o bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ní mo sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún ọ pé ayọ̀ ni. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù ló bà mí, ojú sì tì mí.

Èmi náà wá lọ sí Aràmọkọ wàyí. Nọ́ọ̀sì kan ló gbà mí, ọmọbìnrin kékeré, kò lè jù ọ́ lọ. Ó gbé páìpù kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó ní àmì pupa kan lára tí èémí máa ń tì síwájú. Ó ní kí n fa èémí sínú kí n fẹ́ ẹ sí i tagbáratagbára. Mo fẹ́ ẹ. Àmì náà kàn mira ni.

Ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ ti fẹ́ ẹ?”

Mo ní, “Mo ti fẹ́ ẹ tán, ọmọ mi.”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Oògùn wo lẹ ń lò?” Mo tú báàgì, ìgò márùn-ún bọ́ sórí tábìlì. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọ̀kan hàn mí, ó ní òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí tèmi kò gbọdọ̀ máa lò ó láìsọ fún dókítà, nítorí wọ́n lè bá ara wọn jà nínú ara. Ó gbé òmíràn, ó ní èyí kò burú, ohun tó wà nínú ọsàn àti ẹ̀fọ́ náà ni wọ́n rọ sínú rẹ̀. Ó wá tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Mọ́mì, kò sí èyí tó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó lé èéfín padà nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yin lẹ máa lé e. Níbo lẹ ti ń yan gàrí?”

Bọ́lá, ìbéèrè yẹn ló gbà mí là. Àyà mi ni mo ń wá oògùn sí, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé níbo ni mo ń jókòó sí.

Èkejì nìyẹn, tàbí ẹ̀kẹta, mi ò mọ iye tí mo ti kà dé, bá mi kà á: eruku ni kí o kọjú sí, fi hóró oògùn sílẹ̀. Bí dókítà bá yẹ̀ ọ́ wò tó ní nǹkan kan dín lára rẹ, lo ohun tó bá kọ fún ọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, jẹ ẹ̀fọ́, jẹ ẹ̀wà, jẹ ẹja, mu ọsàn, kí o má máa fi búrẹ́dì àti mínírà rọ́pò oúnjẹ ọ̀sán bí mo ṣe gbọ́ pé o ń ṣe. Ta ló sọ fún mi? Má béèrè.

Bí mo ṣe dé láti Aràmọkọ, mo fa àpò ìrẹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya. Àwọn obìnrin pariwo lé mi lórí. Mo lọ pe Ràsákì, bíríkìlà tó wá láti Ìkirè, mo ṣàlàyé ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi. Ó họrí, ó ní òun á gbìyànjú. Ó mọ ààrò gíga kan mọ́ ara ògiri, ó lu ògiri náà, ó sì fi ẹnu ààrò síta, débi pé ìta la ti ń ki igi bọ iná, inú ilé la sì ti ń jókòó yan gàrí. Ó tún gbé páìpù èéfín gba òrùlé jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dúró lókèèrè, wọ́n káwọ́. Ẹnìkan ní, “Ìyàwó òyìnbó ti dé o!” Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ ọjà, oníbàárà Iléṣà bu gàrí mi sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sí imú, ó mi orí. Ó ní, “Kò ní òórùn èéfín. Ó ṣì tutù ni.” Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, “Ẹ má fi imú jẹ ẹ́, ìyá. Ẹ fi eyín jẹ ẹ́.” Ó ju ìwọ̀nba sẹ́nu. A gbọ́ ọ, Bọ́lá! Kàù! Kàù! Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Ó tún bù sí i. Ó ní, “Ó gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o.” Ìyá Tóyìn ló kọ́kọ́ dìde. Ó ti agbada rẹ̀ wá síwájú mi, ó ní, “Ràsákì dà? Tèmi ló kàn.” Kí ìkórè mìíràn tó dé, kò sí ààrò àtijọ́ kan mọ́ nínú ilé yẹn. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde, eérú kò sì wọ inú gàrí ẹnikẹ́ni.

Mo padà lọ fẹ́ páìpù. Àmì pupa yẹn fò! Nọ́ọ̀sì fò pẹ̀lú rẹ̀, ó dì mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Mo gun òkè Ẹ̀fọ̀n lọ sílé láti ibi tí mọ́tò já mi sí, mi ò dúró lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọjọ́ Ìkórè pé, mo kọ Àmín. Bàbá rẹ ka ọwọ́ kan tán, ó ka èkejì tán, ó bọ́ bàtà. Ó ní mo dé mẹ́rìnlá. Ṣọ́ọ̀ṣì pariwo, Ìyá Tóyìn ń fò láàárín àwọn àga, èmi náà sunkún. Lọ́tẹ̀ yìí ayọ̀ ni, mo búra.

Àmọ́ gbọ́ eléyìí dáadáa. Kí n tó rí èéfín, mo máa ń dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló padà. Mo sì bi nọ́ọ̀sì nípa òkúta lánàá, mo pè é nítorí tìrẹ. Ó ní ó sàn díẹ̀ fún mi tí mo bá èéfín pàdé, pé eruku òkúta kì í padà jáde bó bá ti jókòó sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní kò sí epo, kò sí mílíìkì, kò sí hóró tó ń yọ ọ́. Ohun tó mú mi kọ̀wé gígùn báyìí nìyẹn. Èmi rí ọ̀nà padà. Ìwọ, ìta ni kí o ti dá a dúró.

Ohun tí o máa ṣe nìyí, ọ̀gá. Bí òkúta bá ṣeé fi omi wọ́n kó tó bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ wọ́n ọn. Bí iṣẹ́ náà kò bá fàyè gba omi, ẹ bo ẹnu ẹ̀rọ kí eruku má rí ibi tú sí. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ilẹ̀, ẹ rin ín lómi ná. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń wá ni kí àwọn ènìyàn rẹ dúró sí, má jẹ́ kí wọ́n dúró síbi tó ń lọ. Ìbòmú ńkọ́? Hańkáṣíìfù kọ́ o! Èyí tó lè gbá imú àti ẹnu mọ́ra pinpin ni, èyí tí wọ́n ṣe fún eruku, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí o tó lọ sílé. Ẹni tí o máa fẹ́ lọ́jọ́ kan, mi ò fẹ́ kó máa gbọn òkúta Ìjerò kúrò lára bẹ́ẹ̀dì.

Bí ọ̀gá àgbà yín bá ní mílíìkì ti tó, má bá a jà. Lọ́jọ́ tó bá wọ aṣọ dúdú, bẹ̀ ẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kó wá wo ẹ̀rọ, kí o sì máa bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀ títí. Má gbọn eruku funfun tó bá bà lé èjìká rẹ̀. Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wò ó.

Má sì ṣe bí ìyá rẹ sí àwọn méjìlá yẹn. Bí ẹnì kan bá jáde lọ mí, má fi ṣẹ̀sín. Bá a jáde.

Awakọ̀ tó gbé ìwé yìí wá á tún gbé ìgò mẹ́ta fún ọ. Ìgò aláwọ̀ ewé náà ni. Má tíì yọ̀! Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ló wà nínú àkọ́kọ́, ti ṣọkọ wà nínú èkejì, ata wà nínú ẹ̀kẹta. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé tí o gbà yẹn tóbi tó. Nǹkan rere kan ṣoṣo tí àwọn ìgò yẹn ṣe fún mi ni pé kòkòrò kì í wọ inú wọn.

Láti òní lọ, bí o bá pè mí, má kọ́kọ́ kí mi. Fa èémí, kí o kọ Àmín. Orin kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́, mo mọ̀ pé ohùn bàbá rẹ lo jogún. Kàn jẹ́ kó gùn. Òun á máa fi ìka kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí kò bá dé mẹ́wàá, èmi fúnra mi á wọ mọ́tò wá sí Ìjerò, èmi àti ọ̀gá àgbà yín la ó jọ dúró sídìí ẹ̀rọ náà, aṣọ dúdú ni n óò sì wọ̀.

Bàbá rẹ ti bọ́ bàtà. Fa èémí sínú, Àbẹ̀kẹ́ mi, kí o pè wá.

Èmi ni, ìyá rẹ, tó mú fóònù lọ́wọ́.